Bí Wọn Ò Bá Pè Ọ́

Lẹ́tà kan tó wá láti ọ̀dọ̀ NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham, ní London. Wọ́n ní kí àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, káwọn fi wo oríṣiríṣi jẹjẹrẹ tí kò tíì fara hàn. Ìyá kan ní ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kì í wá àrùn kiri nínú ara rẹ̀. Òmíràn ní Ọlọ́run náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n. Èmi lọ ní tèmi, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ló ká mi lára: tí a bá mọ̀ ọ́n tán, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ọdún 2021 ni ìwádìí tí wọ́n pè wá sí yìí bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 140,000 èèyàn ló sì wọ̀ ọ́ ní England. Inú ọkọ̀ ńlá kan ni nọ́ọ̀sì ti fa ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìdajì wa ni wọ́n máa yẹ̀ wò, wọ́n á tọ́jú ti ìdajì yòókù pamọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ní mọ èyí tí tirẹ̀ bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa pè. Ǹjẹ́ kí sístà kan má gbé ọpẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì torí pé wọn ò pe òun! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú fíríìjì ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dúpẹ́ lé lórí wà. Kódà ká ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: èérún DNA tí jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò náà, tí wọ́n ń pè ní Galleri, ń wá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í sì í tú púpọ̀. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ní jẹjẹrẹ tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, nǹkan bíi 17 ló ń rí.

Tí wọ́n bá wá pè ọ́ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àyẹ̀wò yìí kan náà yẹ èèyàn tó lé ní 6,600 wò, wọ́n rí àmì lára 92. Àwọn 35 ní jẹjẹrẹ lóòótọ́. Àwọn 57 kò ní nǹkan kan, àmọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan bọ́ sí òmíràn, pẹ̀lú oorun tí kò kún ojú. Síbẹ̀ n ò lè sọ pé kí wọ́n pa àyẹ̀wò náà tì, torí nínú àwọn jẹjẹrẹ tí àyẹ̀wò náà ń wá, ọ̀pọ̀ ni kò ní àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí bàbá bàbá mi, tó dáfá títí ó fi kú. Èmi kì í ṣe onífá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde níwájú òun láìgbọ́ ẹbọ tó kàn. Ẹni tó sọ fún ọ pé ewu ń bọ̀, tí kò sọ ohun tó o máa ṣe, ó kàn dẹ́rù bà ọ́ ni.

Àbúrò mi pè láti Ìbàdàn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ra àyẹ̀wò yẹn.” Dọ́là 949 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Mo ní ṣé owó síkáànì tó máa tẹ̀ lé e wà nílẹ̀? Kò fèsì. Mo ní ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, èyí tí wọ́n lè tọ́jú ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ rárá? Ó ní rárá. Mo ní kó gbé fóònù fún un.