Ìdámẹ́wàá Ẹni Tó Ń Gbẹnu Sọ fún Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, ó sì yẹ kí àwa òbí náà dá sí i. Ọmọ tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún nínú eré Àjíǹde ní òun fẹ́ sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya la wà, Èkó jìnnà, ọmọ náà kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Ṣúrúlérè tí àwọn onífíìmù ti máa ń pàdé. Nítorí náà ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé orúkọ rẹ̀ dé iwájú wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní éjẹ́ǹtì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò nìyí: ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ènìyàn, kí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà? Kí sì ni ẹni tó ń gbẹnu sọ fún jẹ ẹ́?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì. Àwọn bàbá wa ní alárinà. Mósè tí ẹnu rẹ̀ wúwo ní Áárónì tó ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú Fáráò. Nínú eré Yorùbá gan-an ni kò ti sí i tẹ́lẹ̀. Hubert Ogunde, tó kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó ní 1944, kò ní éjẹ́ǹtì, àwọn tó wá ń bá a ṣeré náà kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré láyé ìgbà yẹn á lọ bá ọ̀gá, á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa di ẹrù sínú ọkọ̀, á gbálẹ̀, á lùlù, kí wọ́n tó fún un ní gbólóhùn kan péré láti sọ. Ọ̀gá yẹn ló ń kọ́ ọ, òun ló gbà á síṣẹ́, òun náà ló ń fi í han ayé. Títí dòní, ọ̀pọ̀ òṣèré fíìmù Yorùbá ló ṣì ń gba abẹ́ ọ̀gá kọjá, tí wọ́n á sì ṣe fìrídọ̀ọ̀mù bíi ti télọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Ó ti mọ́ wa lára pé ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ máa ń sanwó fún ọ̀gá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì, tó ní kí ọmọ mú 50,000 náírà wá fún ìforúkọsílẹ̀, kì í yà wá lẹ́nu. A ó ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n éjẹ́ǹtì kò kọ́ ọmọ yín ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ló ń bá a wá. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé, tí wọ́n sì sanwó, ni tirẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Iye tó sábà máa ń gbà ni ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣé ẹ rí i, àwa mọ ìdámẹ́wàá dáadáa! Orí ìkórè la ti ń yọ ọ́. Kò sí àgbẹ̀ tí wọ́n ń gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ṣì ń kọ ebè. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí Hollywood wà, òfin ní kí éjẹ́ǹtì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣèré. Níhìn-ín ńkọ́? Ẹnikẹ́ni lè tẹ káàdì kó ní éjẹ́ǹtì lòun.

Bí wọ́n bá san 200,000 náírà fún ọmọ lórí fíìmù kan, 20,000 ni ti éjẹ́ǹtì. Bí ọmọ kò bá ríṣẹ́, ebi á pa àwọn méjèèjì, ebi yẹn náà ló ń jí éjẹ́ǹtì ní kùtùkùtù. Ẹ wá ro ti ẹni tó gba 50,000 lọ́wọ́ ogójì ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mílíọ̀nù méjì náírà ti wọlé, kò tíì pe onífíìmù kankan. Kí ló tún ń wá?

Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn láti máa dárúkọ àwọn ènìyàn ńlá. Géhásì ni wọ́n. Èlíṣà kò rán an níṣẹ́, Èlíṣà ti ní òun kò gba nǹkan kan, síbẹ̀ ó sáré tẹ̀lé Náámánì, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ gba fàdákà àti aṣọ. Náámánì kò béèrè lọ́wọ́ Èlíṣà. Ẹ̀yin, ẹ béèrè. Èyí tó bá sì ní kí ọmọbìnrin wá pàdé òun ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ fún ọ́díṣọ̀n, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn, ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọmọ lọ.

Kí ni éjẹ́ǹtì gidi fẹ́ rí? Fọ́tò ojú tó mọ́, tí àtíkè kò bò. Fídíò kúkúrú tí ọmọ ti ń ṣeré. Iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Ọmọ tí kò ní ìwọ̀nyí kò tíì nílò éjẹ́ǹtì, kò sì di dandan kó sá lọ sí Èkó kó tó ní wọn. Jos ni National Film Institute tìjọba àpapọ̀ wà. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria àti Yunifásítì Jos ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ eré ṣíṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù a sì máa wá ẹni tó máa bá wọn ṣeré nínú fíìmù kéékèèké tiwọn.

Mo ti dárúkọ Áárónì. Ẹ rántí pé òun náà ni, nígbà tí Mósè lo ogójì ọjọ́ lórí òkè, tó bá àwọn ènìyàn da ère ọmọ màlúù. Ẹnu tí a rán níṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an. Ọmọ lè fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, iye owó àti ibi tí yóò sùn lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́. "Rárá" rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ohun tí kò ní ṣe níwájú kámẹ́rà, kó wà nínú ìwé àdéhùn. (Èmi ò sí lára àwọn tó ní Kristẹni kò gbọ́dọ̀ ṣe ènìyàn burúkú nínú eré o. Ta ni yóò ṣe Júdásì fún wa?) Ṣùgbọ́n bíbọ́ra síhòòhò yàtọ̀ sí ṣíṣe Júdásì, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì yẹ kó sọ ibi tí òun máa bá a dé.

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí ni a kì í fẹ́ sọ. A mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń rẹ́ wa jẹ. Ìrẹ́jẹ tọwọ́ wa ni a kì í dárúkọ. Ká ní éjẹ́ǹtì olóòótọ́ ni ọmọ yín rí. Ó fi ọdún méjì gbé fọ́tò rẹ̀ káàkiri, kò rí kọ́bọ̀ gbà nítorí iṣẹ́ kò wá. Lọ́dún kẹta, ó bá a rí fíìmù kan, ayé sì mọ ojú ọmọ. Olóòtú fíìmù mìíràn wá pe ọmọ lórí fóònù: "Jẹ́ ká ṣe é láàárín ara wa. Kí la fẹ́ fi ti éjẹ́ǹtì ṣe?" Ìyá ọmọ á ní owó ọmọ òun ni, éjẹ́ǹtì kọ́ ló ṣeré. Àwọn kan á tún rán wa létí pé bí ìyàwó bá ti délé ọkọ, alárinà a yẹ̀ba.

Mo ti rò ó títí, mi ò gbà. Alárinà ń yẹ̀ba nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Éjẹ́ǹtì yìí ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àdéhùn pé bó bá dára, òun yóò jẹ níbẹ̀. Inú iṣẹ́ tó bá ọmọ wá sì ni olóòtú tó ń pè lónìí ti rí i. Ẹni tó bá di ìdá yẹn mọ́wọ́, owó ọ̀yà alágbàṣe ló dì mọ́wọ́. Ẹ ka ìwé Jákọ́bù orí karùn-ún kí ẹ rí ohun tó sọ fún àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé títí láé wá ni? Rárá o. Éjẹ́ǹtì tó ní kí ọmọ buwọ́ lu ọdún mẹ́wàá, tàbí tó fẹ́ gba ìdajì, Lábánì ni. Ọdún kan tàbí méjì tó láti fi mọwọ́ ara ẹni. Bí ọdún bá pé, tí ọmọ kò ṣe mọ́, kó kọ̀wé sí i, kó dúpẹ́, kó san èyí tó kù, kó máa lọ. Kó má ṣáà dọ́gbọ́n yọ́ lọ láìsọ.

A ní agbẹjọ́rò nínú ìjọ. Ẹ mú ìwé àdéhùn wá kí wọ́n bá yín kà á kí ọmọ tó buwọ́ lù ú. Ẹ bi wọ́n ní iye ìdá tí éjẹ́ǹtì yóò gbà, iye ọdún tí àdéhùn yóò fi wà, àti àkáǹtì ẹni tí owó fíìmù yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ìkẹta yẹn, ẹ béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.