Ọ̀pọ̀ Tí Mo Rà ní Katangowa

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ awo mi kan ló bi mí ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa: bí èèyàn bá ná ọjà títí ẹni tó ń tà á fi pàdánù, ṣé ọgbọ́n ló gbọ́n ni, àbí olè ló jà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọdún Ifá ti ń sún mọ́, àwọn ọmọ awo mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ mi sì nílò ẹ̀wù funfun. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́. Èmi àti ọ̀kan nínú wọn bá kọjú sí Katangowa ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọjà òkìrìkà ńlá tó wà lẹ́bàá títì tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ̀ pé òkìtì lórí òkìtì ni. Àwọn àgbà ń pe aṣọ yìí ní bọ́síkọ́nà, torí pé kọ̀rọ̀ lèèyàn ti ń wọ̀ ọ́ wò. Òkìrìkà fúnra ẹ̀, orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Rivers ni, ìlú etí omi tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé láyé àtijọ́. Ní Gánà, ohun tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí aṣọ òyìnbó tó ti kú.

Àárọ̀ kùtù la débẹ̀, torí àárọ̀ ni wọ́n ń já béèlì. Mo kí obìnrin kan tó ń gé okùn béèlì tiẹ̀: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá!" Ó ní, "Àṣẹ, Bàbá." Èèyàn ti yí i ká. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ gbọ́: dídì ni oníṣòwò ń ra béèlì. Kò lè wo inú ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ò sì gba kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọlé, Kútọnu ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń gbà wọlé, torí náà bó bá burú, ta ni yóò fẹjọ́ sùn?

Béèlì ṣí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni. Ti òkè dára. Ìgbà tó tú u débi àárín, abíyá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọrùn ti ya, òmíràn ní àbàwọ́n bí ìpata. Àwọn èèyàn pòṣé, wọ́n tú ká. Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tú u lọ, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Mo ti ṣa mẹ́rin tó dáa nínú ti òkè. Ó ní ₦3,000 ni ọ̀kan. Mo ní ₦1,000. Ó ní, "Bàbá, ojú owó ò gbà bẹ́ẹ̀." Mo ṣe bí ẹni tó ń lọ. Ṣebí gbogbo wa la mọ ọgbọ́n yẹn? Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tó fi pè mí: "Ẹ wá san ₦1,200. Mo fẹ́ dá owó tí mo yá padà ni." Mo san ₦4,800, mo sì ń yangàn nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ti bi mí ní ìbéèrè ẹ̀.

Mo ní, "Ṣebí ó gbà?" Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà sì mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò dúró. Ẹni tí odò ń gbé lọ, bó o bá na idà sí i, ẹnu idà náà ló máa dì mú.

Ògúndá Méjì ló là mí lójú. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọn ò náwó, wọn ò bèèrè, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ tí kò jinná sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dànù. Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ ti rúbọ. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá ẹni tó wá sin gbèsè níbẹ̀. Àjàlá ti sá pamọ́ sínú àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tó fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò, tó sì bá a yan èyí tó le.

Ìtàn yìí, a sábà máa ń fi kọ́ni nípa ìpín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn tó mú un lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n pàdánù. Ẹni tó rí ìdààmú onílé, tó sì fi owó sí i, òun ló ra ojúlówó. Èmi náà bá onígbèsè lẹ́nu ọjà ẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo fi gbèsè ẹ̀ ná ọjà.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ná ọjà o. Ẹni tó ń tà ti fi owó lé e kó o lè já a wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ẹ̀rín sì wà níbẹ̀. A ò sì lè mọ ohun tó wà nínú béèlì gbogbo èèyàn. Àmọ́ kí èrè dínkù yàtọ̀ sí kí ojú owó wọlẹ̀, àgàgà nígbà tí ojú ẹni rí i. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè: "Ṣé ojú owó á jáde?" Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo mú owó díẹ̀ dání láti fi kún un. Ẹlòmíràn ni mo bá nídìí ìsọ̀ náà. Wọ́n ní kò wá mọ́. Owó náà ṣì wà nínú àpò mi.

Mo wá dá ọmọ awo mi lóhùn: olè kọ́, gbèsè ni. Ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Kí Orí wa má jẹ́ ká fi ìpọ́njú ọmọnìkejì ṣe ọ̀pọ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.