Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ní London, rò pé ọ̀rọ̀ fèrèsé òun ti parí lọ́jọ́ tó sanwó fún oníṣẹ́. Gíláàsì ń dán, òtútù ò wọlé mọ́. Ọdún gorí ọdún, ó fẹ́ gbé gbèsè ilé rẹ̀ lọ sí báńkì tí èlé rẹ̀ fúyẹ́, ni lọ́yà bá béèrè ìwé ẹ̀rí FENSA, èyí tó ń fi hàn pé fèrèsé bá òfin ìkọ́lé mu. Ìwé wo?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2002 ni pípààrọ̀ fèrèsé ti wọ abẹ́ òfin ìkọ́lé ní England àti Wales. Iṣẹ́ iná tẹ̀ lé e ní 2005. Ẹni tí kò ríwèé lè ra inṣọ́ránsì dípò rẹ̀, àmọ́ tó bá ti kọ́kọ́ lọ bá káńsù sọ̀rọ̀, àwọn oníṣọ́ránsì sábà máa ń kọ̀ ọ́. (Inṣọ́ránsì yìí ò sì sọ iṣẹ́ jákujàku di gidi o.)

Ẹ̀gbọ́n tú ilé, ó tú àpótí. Inú Ghana-must-go lókè àjà ni ìwé wà, wọ́n fi wé fọ́tò ìkómọ.