Ààrò Tuntun, Ọwọ́ Àtijọ́

Bíbélì kíkà: Lúùkù 5:36–39

 

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń rò pé ilé ìdáná kò yẹ ní ọ̀rọ̀ ìwàásù, kí ó rántí pé lẹ́yìn àjíǹde Olúwa wa, iná ẹyín ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn bá ní etí òkun, tí ẹja wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì pè wọ́n wá jẹun (Jòhánù 21:9–12).

Ní Ọ̀fàdà níbí, kò sí obìnrin tí kò mọ ohun tí iná jẹ́. Ìrẹsì tí a fi orúkọ ìlú wa pè, tí àwọn ará Èkó ń jẹ nínú ewé pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, iṣẹ́ omi àti iná ni. A ó rẹ ẹ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, a ó bọ̀ ọ́ nínú àgbá títí èèpo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, a ó sá a sí oòrùn, lẹ́yìn náà ni a ó tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ti bọ ìrẹsì rí mọ̀ pé iná wákàtí kan kọ́. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yí ni a fi ń jókòó ti iná, tí èéfín náà sì ń jókòó ti àwa.

Àdògán onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fúyẹ́. Bí òjò bá ṣú, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e wọ abẹ́ òrùlé. Bí atẹ́gùn bá yí, èmi náà a yí i. Ó sì máa ń gbóná kíákíá. Ṣùgbọ́n igi tí ó ń jẹ kò ní òǹkà, èéfín rẹ̀ sì ti sọ ògiri ilé ìdáná mi di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú mi ń pọ́n, mo ní iṣẹ́ ni. Mo ń wúkọ́, mo ní ọyẹ́ ni.

Ọmọ ọmọ mi ni Ọlọ́run fi là mí lójú. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà, ẹ̀yìn mi ni ó sì máa ń wà bí mo bá ń dáná. Ní ọjọ́ kan, mímí rẹ̀ kò lọ geere mọ́, ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní òtútù àyà ni. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Màmá, níbo ni ọmọ yìí máa ń wà bí ẹ bá ń dáná?" N kò lè dá a lóhùn.

Nígbà tí a padà délé, ọmọ mi ọkùnrin pe bíríkìlà. Ó fi bíríkì àti amọ̀ mọ ààrò olójú méjì, ó yọ ẹnu kékeré kan síwájú rẹ̀ tí a ó máa ti igi bọ̀, ó sì ṣe ihò gígùn kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò máa gbé èéfín jáde kọjá òrùlé. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé a kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀, a sì da kankéré sí i, kí ó má baà rì. A dúró títí amọ̀ náà fi gbẹ dáadáa. A gbàdúrà sí i, a sì ṣe ìdúpẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, ó lé ní oṣù méjì tí mo fi tún ń dáná lórí àdògán àtijọ́. Mo fi í pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọ mi bá ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́, màá gbé e wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní ti tuntun pẹ́ kí ó tó gbóná, màá ní ẹnu rẹ̀ kò gba ìtì igi, màá ní kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Kò sí irọ́ nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ wọn ni pé ọwọ́ mi ti mọ́ ti àtijọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ tì í, mo ń fẹ́ iná, ọmọ náà wà ní ẹ̀yìn mi. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìbéèrè nọ́ọ̀sì náà tún dé, ó dà bí ẹni pé Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ń bi mí. Mo jókòó sí ilẹ̀, mo sì sọkún.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Mímọ́. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tuntun tí a kì í ya láti fi lẹ ògbólógbòó, ó sì sọ̀rọ̀ nípa wáìnì tuntun tí a kì í dà sínú ìgò awọ tí ó ti gbó. Ẹsẹ 38 ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń parí ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n Lúùkù fi ẹsẹ kan kún un tí Mátíù àti Máàkù kò kọ. Ní ẹsẹ 39, Jésù sọ pé ẹni tí ó ti mu ti àtijọ́ kì í fẹ́ ti tuntun, nítorí yóò ní ti àtijọ́ dára. Ẹ ò rí i pé Olúwa mọ̀ wá? Ó mọ̀ pé ènìyàn lè gba ohun tuntun, kí ó dúpẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run, kí ó sì tún máa yọ́ lọ bá ti àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́ níbẹ̀.

Èkíní: Ohun tí ó wúwo máa ń pẹ́ kí ó tó gbóná. Bí a bá dáná sí ààrò alámọ̀, ara ògiri rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu nínú ooru náà. Ẹni tí ó kàn fẹ́ fi omi ẹ̀kọ kaná yóò ní kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan láti ṣe, tí ó bá ní sùúrù, yóò rí i pé nígbà tí ó bá fi máa di ìkòkò kejì, ìkẹta, igi díẹ̀ ni yóò tó. Bí a bá tilẹ̀ fa igi jáde, ara ààrò náà yóò ṣì máa gbóná. Àdògán onírin kò rí bẹ́ẹ̀: ó yá láti gbóná, ó sì yá láti tutù.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa, irú èwo ni ìgbàgbọ́ wa? Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ní ọjọ́ ìsọjí, wọn a gbóná ju oníwàásù lọ. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọn kò ní wá sí kíláàsì mọ́. Bí ìjì bá ti ìhín fẹ́, wọn a gbé e lọ sí ọ̀hún. Ìdí nìyí tí John Wesley kò fi fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù nìkan, tí ó fi kó wọn jọ sí kíláàsì, tí wọ́n ń bèèrè bí ọkàn ara wọn ti rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe tiwa ní Ìjọ Elétò. Ètò wúwo, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pa ooru mọ́.

Èkejì: Èéfín ni igi tí kò jó tán. Bí igi bá tutù, tàbí tí a bá kì í mọ́ ojú ààrò tí atẹ́gùn kò fi rí ọ̀nà wọlé lábẹ́, apá kan nínú rẹ̀ yóò di ooru, apá kan yóò di èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni ayé tí a fi fún Olúwa ní ìlàjì. Apá tí a kò fi sílẹ̀ kí ó jó kì í dákẹ́, ojú àwọn ẹlòmíràn ni ó ń lọ. Ìyàwó ọmọ mi ń rí mi ní gbogbo oṣù méjì yẹn. Ọmọ rẹ̀ ni ó wà ní ẹ̀yìn mi. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe bá ìyá ọkọ rẹ̀ wí? Ẹ̀yin ìyá mi, àwọn tí èéfín wa ń pa lójú ni àwọn tí kò lè sọ ọ́ sí wa létí.

Ẹ má sì ṣe rò pé òwe lásán ni mò ń pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín tí ó ń jáde nínú ilé láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn ṣe okùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé, ó sì lé ní 237,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí ó wà nínú wọn. Àwa obìnrin àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wa ni ó ń mí in sínú jù. Bí òfin ńlá bá ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa, ẹni tí a pọ̀n sẹ́yìn ni ọmọnìkejì tí ó sún mọ́ wa jù lọ.

Ẹ̀kẹta: Ààrò kọ́ ni iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi gan àwọn ìyá wa. Orí òkúta mẹ́ta ni wọ́n ti se oúnjẹ tí a fi dàgbà, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́ wa pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ní ọjọ́ tí mo pinnu tán, n kò ṣá ìṣáná. Ẹyín iná orí àdògán àtijọ́ ni mo kó sínú ààrò tuntun. Ohun èlò ni ó yí padà, iná náà kò yí padà.

Ẹ rántí Susanna Wesley, ìyá John. Ní ìgbà òtútù ọdún 1711 sí 1712, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Samuel, wà ní London, ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sí ilé ìdáná ní Epworth ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń gbàdúrà, ó sì ń ka ìwàásù fún wọn. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n wá, títí wọ́n fi tó 200. Inú ẹni tí ó ń ṣe adelé fún ọkọ rẹ̀ kò dùn, ó kọ̀wé sùn ún, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Susanna dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé bí ó bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kí ó pàṣẹ rẹ̀ gbangba, kí ó sì ru ẹ̀bi ọkàn àwọn ènìyàn náà níwájú Ọlọ́run. Ọkọ náà fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni John nígbà náà. Ìhìnrere kan náà ni, ààrò mìíràn ni. Iná yìí kan náà ni Thomas Birch Freeman gbé dé Àgbádárìgì ní September 24, 1842, tí ó fi kàn wá.

Ṣùgbọ́n ààrò tuntun kò ní kí ènìyàn máa sùn. Bí a bá ti igi tútù bọ̀ ọ́, yóò rú èéfín. Bí a kò bá gbá ihò rẹ̀, èédú yóò dí i, èéfín yóò sì padà sí wa lójú. Ọkàn tí a ti sọ di tuntun náà ń fẹ́ gbígbá.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Ẹni tí ó bá ní agbára, kí ó mọ ààrò tí ó ní ọ̀nà èéfín, tàbí kí ó lo gáàsì. Ẹni tí kò bá tíì ní, kí ó la igi rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ó sá a kí ó gbẹ, kí ó jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gba inú ilé ìdáná, kí ó sì gbé ọmọ jìnnà sí èéfín. Àwọn opó kan wà láàrin wa tí wọn kò lè dá pe bíríkìlà. Ṣé ọwọ́ ẹgbẹ́ wa kò tó pò amọ̀ ni?

Ní ti àdògán mi, mo pe àwọn tí ń ra irin àlòkù, mo tà á. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ààrò tuntun ti di tèmi ní tòótọ́. Arábìnrin mi, kí ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ?

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìpàdé
1. Kí ni Olúwa ti fún wa ní tuntun, tí ọwọ́ wa kò tíì kúrò lára ti àtijọ́?
2. Ta ni èéfín wa ń pa lójú nínú ilé wa, tí kò lè bá wa sọ ọ́?
3. Ìyá wo nínú ìjọ wa ni a lè ràn lọ́wọ́ láti tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé?

Àdúrà: Bàbá wa, a dúpẹ́ pé o mọ̀ wá, o kò sì kọ̀ wá. Gba ohun tí a fi pamọ́ sẹ́yìnkùlé kúrò lọ́wọ́ wa. Fún wa ní sùúrù títí ara wa yóò fi gbóná nínú ìfẹ́ rẹ. Pa àwọn ọmọ tí o fi sí wa lẹ́yìn mọ́, má sì jẹ́ kí iná tí o dá sí ọkàn àwọn ìyá wa kú ní ọwọ́ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.