Owó Wa, Ẹ̀mí Ẹlòmíràn
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ra jíìpù tí ń la ẹrẹ̀ kọjá, irú Toyota Land Cruiser 70 tó jáde ní 1984, ṣé kí a lò ó bí wọ́n ṣe ṣe é ni, àbí kí a gbé e ga, kí a fi táyà ńlá sí i?

A ó ní owó wa ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a gbé ga tètè ń dojú dé. Bí táyà bá sì tóbi jù, eré ọkọ̀ yóò ju èyí tí aago rẹ̀ ń sọ lọ. Èrò àti ẹlẹ́sẹ̀ tí a kò bi léèrè ni yóò bá wa pín ewu náà.

Bí ọ̀nà wa bá béèrè àtúnṣe, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ṣekárími, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀.