Ẹni tí Ara Ń Ro àti Ẹni tí Ń Dá a Lóhùn

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ara, tí ó sì mọ ibi tí ń ro ẹrú Rẹ̀ kí ẹrú náà tó ké. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí a ń fi ẹnu sọ àti nínú ohun tí a ń fi ìka tẹ̀ sórí fóònù. Màláíkà tí ń kọ ti ẹnu kò gbàgbé ti ìka.

Jábírì ọmọ Abdullah gba hádíìsì kan wá, tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud. Ó ní àwọn wà lórí ìrìn-àjò nígbà tí òkúta ba ọ̀kan nínú àwọn ní orí, tí ó sì dá ọgbẹ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà lá àlá tí ó sọ ìwẹ̀ jànábà di ọ̀ranyàn fún un. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ààyè wà fún òun láti ṣe tàyámámù. Wọ́n ní kò sí ààyè, níwọ̀n ìgbà tí ó lè rí omi lò. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ tí ó sọ le púpọ̀. Ó ka ikú ọkùnrin náà sí àwọn tí ó dá a lóhùn lọ́rùn, ó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi wádìí nígbà tí wọn kò mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò bá ẹni tí ó béèrè wí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ní ìlú Èkó. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìséde ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìlẹ̀kùn mọ́sáláásí pàápàá wà ní títì. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ara ríro wà nínú àmì àrùn náà, ohun kan náà sì ni ibà máa ń ṣe sí wa lọ́dọọdún. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń ba ènìyàn. Nítorí náà, fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń bi léèrè ní òru: ṣé ibà ni àbí Kòrónà? Oògùn ara ríro wo ni mo lè lò tí kò ní pa mí?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta yẹn, mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Faransé, Olivier Véran, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kọ ọ́ sórí Twitter pé oògùn bí ibuprofen lè mú kí àrùn náà le sí i. Ó ní kí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná lo paracetamol. Ó fi kún un pé kí ẹni tí ó ti wà lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù fi sọ pé kò sí ẹ̀rí tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ní àwọn kò sọ pé kí ènìyàn má lo ibuprofen. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ti rìn jìnnà ju àtúnṣe lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, yin chloroquine. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlera Èkó kéde pé wọ́n ń gbé àwọn tí ó lo chloroquine ní àlòjù wá sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ibuprofen yẹn dé orí fóònù tèmi náà. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, gbólóhùn kẹta, èyí tí ó ní kí ènìyàn bi dókítà, ti já sọnù lọ́nà. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ni mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo jámáà lẹ́yìn ìrun Súbúhì. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ìyá kan nínú àwọn alásàláátù wa, tí dókítà fún ní ibuprofen nítorí orúnkún rẹ̀, kà á, ó sì da oògùn rẹ̀ nù. Paracetamol ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Nígbà tí méjì kò ká ìrora náà, ó sọ ọ́ di mẹ́ta; ó tún ń lo oògùn ọ̀fìnkìn lé e, kò sì mọ̀ pé paracetamol wà nínú ìyẹn pẹ̀lú. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò gbọdọ̀ kọjá hóró mẹ́jọ, oní-500 mílígíráàmù, láàrin wákàtí 24. Ohun tí ó bá kọjá èyí lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ náà sì lè máa bàjẹ́ lọ fún odidi ọjọ́ kan kí ara tó sọ fún ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ka páálí òfìfo tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, tí ó sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́hun ṣàánú, ó yè.

Mo ti ronú títí lórí àníyàn. Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì tí Bukhari fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, pé àníyàn ni iṣẹ́ ẹ̀dá dúró lé. Àníyàn tèmi dára: mo fẹ́ kí jámáà là. Ṣé ó tó? Ó wù mí kí n sọ pé ó tó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin ọlọ́gbẹ́ yẹn kò ní àníyàn ibi. Wọ́n fẹ́ pa òfin Ọlọ́hun mọ́ ni. Àníyàn jẹ́ ọ̀rọ̀ láàrin èmi àti Ẹlẹ́dàá mi. Ẹ̀dọ̀ ìyá yẹn jẹ́ ẹ̀tọ́ ìyá, n kò sì lè fi àníyàn mi san gbèsè rẹ̀. Nínú ìwé Abu Dawud kan náà, a rí i pé ẹni tí ó bá ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ìmọ̀ ìwòsàn ni yóò ru ohun tí ó bá tìdí rẹ̀ yọ. Nígbà ayé Ànábì, ènìyàn kan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe léṣe lẹ́ẹ̀kan. Èmi fi tèmi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé kí oòrùn tó yọ.

Àwọn kan yóò ní kí ẹni tí ara ń ro fi sùúrù gbà á, nítorí pé ìrora a máa fọ ẹ̀ṣẹ̀ dànù. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, nígbà tí orí ń fọ́ Ànábì nínú aṣọ hàráámì, wọ́n fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ ní orí rẹ̀. Ẹni tí ń wá ìtura kò kọ kádàrá. N kò bá ẹni tí ń bi fóònù léèrè wí. Súrà An-Nahl, ẹsẹ 43, ti pa á láṣẹ pé kí a bi àwọn onímọ̀, àwọn onímọ̀ kan sì ń kọ òtítọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ tí ó jókòó tì yín a máa dá ìbéèrè padà: ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé ẹ ní ọgbẹ́ inú? Kí ni ẹ ti gbé mì láti àárọ̀? Ibuprofen lè ṣe ikùn àti kíndìnrín ní jàǹbá, fóònù kò sì mọ̀ pé ẹ ní ọgbẹ́ inú àfi tí ẹ bá rántí kọ ọ́.

Nígbà tí ìséde rọlẹ̀, mo lọ bẹ ìyá náà nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àfáà, ẹ̀yin lẹ kúkú ní kí n dà á nù. Ṣé èmi yóò wá máa bá Àfáà jiyàn ni?" Ó ti foríjì mí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn ìrun lónìí, apòògùn kan tí ó jẹ́ ọmọ jámáà wa yóò jókòó sí ẹ̀bá ibi àlùwàlá títí di Àsárì. Ẹ lọ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, èyí tí ẹ rà lọ́jà àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì foríjì wá. Àmín.