Ẹja Tí Mo Dá Padà

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa káyáàkì, ọkọ̀ kékeré mi, lórí adágún Lake Fork ní Texas, bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wá wà fún ìwọ̀. N kì í jẹ ẹja báàsì tí mo bá mú: mo wọ̀n ọ́n, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo dá a padà sómi. Òfin ibẹ̀ tilẹ̀ ní kí a dá èyí tó bá gùn tó ínǹṣì 16 sí 24 padà. Mo ka ara mi sí aláàánú.

Ní oṣù Kẹta ọdún kan, mo fa akọ kan kúrò lórí ìtẹ́. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin. Kì í ṣe ebi ló mú un gbé ìwọ̀ mi hán. Ó fẹ́ lé e kúrò nídìí ọmọ ni. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kí n tó dá a padà, àwọn ẹja kéékèèké ti bo ìtẹ́ náà, wọ́n ń jẹ ẹyin.

Bàbá bàbá mi pẹja ní Ẹ̀pẹ́ títí ó fi darúgbó, kò dá ọ̀kan padà rí. Ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́. Èmi ńkọ́? Fọ́tò kan ni mo rí mú bọ̀.

Mo ṣì ń lọ. Bí mo bá rí akọ lórí ìtẹ́, mo máa ń fi ẹsẹ̀ yí ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ omi a máa rú nígbà mìíràn, n kì í sì í rí ìsàlẹ̀.